Ẹ jẹ́ kí a rán ọmọ Ìgbìrà lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà

Abúlé oko kan lẹ́yìn Ọ̀mùò-Èkìtì ni wọ́n bí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sí. Bàbá rẹ̀ ń kọ ebè fún àwọn olóko wa kó tó di pé òun náà ní oko iṣu tirẹ̀. Ìgbìrà ni wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ló ti ka ìwé mẹ́fà, ó lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ó yege nínú WAEC, ó wá sọ fún mi pé iṣẹ́ tíṣà lòun fẹ́ kọ́. Inú mi dùn gan-an, nítorí mo ti rí ohun tí ọmọ yẹn lè ṣe.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wọ Pírámárì Kìíní lọ́dọ̀ wa, èdè Ìgbìrà nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Yorùbá wa ṣì ṣòro fún wọn, ká má tíì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ní kí wọ́n mú pẹ́ńsù, àwọn kan á kàn máa wo ẹnu mi. Àwọn tí kò mọ̀ á máa pè wọ́n ní olódo, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dùn mí wọra. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wà ní Pírámárì Karùn-ún, ó máa ń wá sí kíláàsì mi lásìkò ìsinmi, á jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn kékeré yẹn, á to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, á kà á ní èdè wọn, lẹ́yìn náà á kà á ní Yorùbá. Ọmọkùnrin kan wà tí kò la ẹnu láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ń jiyàn pé òkúta náà kò pé! Mo ní NCE, mo ní dìgírì, mo ti jókòó ní oríṣiríṣi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn, mi ò lè ṣe é, nítorí mi ò gbọ́ èdè wọn.

Ìkẹ́rẹ́ ló ti rí àyè wọlé, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó di yunifásítì, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Bámidélé Olúmilúà pè. Ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà ọmọ bíbí ìjọba ìbílẹ̀ wá. Ọ́fíìsì tó lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa sọ fún un pé ọmọ Kogí ni, kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wọkọ̀, ó lọ. Àwọn ti ọ̀hún béèrè agbo ilé rẹ̀, wọ́n béèrè olórí ẹbí, kò sì sí ẹni tó dá a mọ̀, torí pé bàbá tó bí i ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó dé, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú kíláàsì mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn, ibo ni kí n sọ pé ọmọ mi ti wá?"

Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kan dù ú ní ohunkóhun. Fọ́ọ̀mù yẹn kò jọ pé ó ti ka abala náà.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ohun tí àwọn ìlú mìíràn ṣe. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dájọ́ ní 1954 pé kí ọmọ funfun àti ọmọ dúdú jọ máa kàwé, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú ni wọ́n tì, nǹkan bí 38,000 tíṣà àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dúdú ló sì pàdánù iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ 17 láàárín ọdún 11. Àwọn ọmọ wọlé, àwọn tíṣà wọn dèrò ilé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 wo àwọn ọmọkùnrin dúdú láti ilé tó tálákà jù lọ ní North Carolina: èyí tó bá ní tíṣà dúdú, kódà kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, láti kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún, ewu pé yóò sá kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì fi ìdá 39 nínú 100 dín kù. Ẹnì kan ṣoṣo! Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà.

Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà dá sikọ́láṣíìpù kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yà tó kéré tó fẹ́ di tíṣà. Owó náà lè tó dọ́là 7,500 lọ́dún. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ kọ́ni ní Illinois, ọdún kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi gba owó, ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìdá 30 nínú 100 ọmọ ibẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ ti ẹ̀yà tó kéré. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó náà á di gbèsè. Àwọn kan pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní 2024, nítorí pé ẹ̀yà ni wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo mú níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ibi tí ọmọ ń gbé ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè lẹ́tà ọmọ bíbí. Wọ́n sì rí i dájú pé owó náà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn ná an.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ní 1976, tíṣà kò kárí, owó ìjọba ni ìyá mi fi ka Grade Two, ìwé ẹ̀rí tíṣà ìgbà náà, wọ́n tún ń fún un lówó àpò. Ó fọwọ́ síwèé pé òun á ṣiṣẹ́, wọ́n sì rán an lọ sí oko.

Ní oṣù Kẹwàá 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, àti ₦50,000 fún àwọn ti NCE. Ìkéde tó dára ni, àmọ́ ọmọbìnrin wa kò tíì fojú kan kọ́bọ̀. Owó NELFUND, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà, tòun ti ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Gbèsè ni ṣá, bí kò tilẹ̀ ní èlé. Bàbá rẹ̀ ti rí ohun tí gbèsè ṣe fún àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Mo ń ro àwọn adití tó ń kàwé ní Ìkòrò-Èkìtì náà. Ọmọ ibẹ̀ tó bá fẹ́ padà wá kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tí màá kọ lọ́tọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gbà kí ọmọ wa pín owó ìwọlé san lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tíṣà ti dá ti àkọ́kọ́. Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, mo sì ti kọ̀wé sí akọ̀wé pé níbi tí fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù wa ti kọ "ọmọ bíbí ìlú yìí," kí wọ́n kọ "ẹni tó ka ìwé mẹ́fà ní agbègbè yìí," kí ẹni tó bá sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ padà wá kọ́ni ní oko, ọdún kan fún ọdún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ì báà jẹ́ ní Ọ̀mùò, ní Ìkọ̀lé, ní Adó tàbí ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fọ́ọ̀mù tiyín, kí ẹ wo ohun tí ìlà yẹn sọ, kí ẹ sì gbé e dìde ní ìpàdé tó ń bọ̀.