Kápúsù Bàbá

Ní àárọ̀ òní, nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo bá àbúrò mi obìnrin, aboyún oṣù mẹ́rin, níbi tó ti ń fi èékánná gbìyànjú láti tú kápúsù lenalidomide, oògùn jẹjẹrẹ Bàbá, kó lè da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ìkọ́kọrẹ́, nítorí pé Bàbá ní kì í gba ọ̀nà ọ̀fun òun. Mo kígbe. Kápúsù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ ibùsùn, kò tíì ṣí.

Ọṣẹ àti omi ni mo kọ́kọ́ ní kó sáré lọ fi fọ ọwọ́. Ìbátan thalidomide ni oògùn yìí; thalidomide yẹn ni àwọn aboyún lò títí di ọdún 1961, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi wáyé láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan lenalidomide rárá. Odindi sì ni kí aláìsàn fi omi gbé e mì.

Síbẹ̀, òun ló ń bá wa ká jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun Bàbá lọ́wọ́ kò: wọ́n ń lò ó fún ọjọ́ 21, wọn a sì sinmi fún ọjọ́ 7. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, torí pé oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan.

Bàbá wò wá títí, wọ́n ní: “Ohun tí ẹ̀ ń sá fún báyìí lẹ ní kí n máa gbé mì?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Báwo lẹ ṣe dá àgbà yín lóhùn?