Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Gílóòbù Alùpùpù Àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ alùpùpù àtijọ́, súwíìsì kan tó yọ́ lójú mi ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Alùpùpù oní-12 volt kan ni mo ń tún ṣe nígbà náà. Iná iwájú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn kọjá táyà iwájú. Èrò mi ni pé gílóòbù rẹ̀ ló kéré. Mo ra gílóòbù halogen 60/55 watt (60 fún iná tó ń lọ jìnnà, 55 fún èyí tó ń wolẹ̀), mo tì í bọ ibẹ̀, mo tan án. Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba ibẹ̀ kan. Nígbà tí mo máa fi fọwọ́ kan súwíìsì, ó ti ń rọ̀ bí àbẹ́là.

Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó fi súwíìsì mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó tan iná náà, ó sì gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn volt. Lórí bátìrì, 12.4 volt. Lẹ́yìn gílóòbù gan-an, 10 volt. Volt méjì àti ààbọ̀, ó kù díẹ̀, ti sọnù sójú ọ̀nà. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Bí volt bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ halogen ló máa ń bá a lọ. Ní ti alùpùpù wa yẹn, èyí tó kù kò tó ìdajì. Gílóòbù ńlá tí mo fi sí i tún dá kún un ni: bó ṣe ń fa iná sí i ni wáyà àti súwíìsì ògbólógbòó yẹn ń gbóná sí i.

Ó wá fi ẹnu mítà kan sí ibi tí iná ti ń jáde kúrò lára gílóòbù, ó fi èkejì sí òdì (−) bátìrì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó volt kan! Kò sí wáyà kankan tó ń dá iná padà láti ilé iná iwájú. Inú bíárìn ọrùn alùpùpù, tí gírísì bò, ni iná ń gbà dé férémù. Bí ọ̀gá mi ṣe ń yí ọwọ́ ìdarí sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń ṣẹ́jú. A fa wáyà kan ṣoṣo láti ibẹ̀ lọ sí òdì bátìrì, a tan iná, ó ti funfun sí i.

Lẹ́yìn náà la fi rílèè méjì sí i, ìyẹn súwíìsì tí iná díẹ̀ ń jí kó lè gbé iná ńlá kọjá, ọ̀kan fún iná tó ń lọ jìnnà, èkejì fún èyí tó ń wolẹ̀. Wáyà nípọn, tó gba inú fíúùsì lẹ́bàá bátìrì, wọ ẹsẹ̀ rílèè tí wọ́n kọ 30 sí. Láti ẹsẹ̀ 87 ó lọ sí gílóòbù. Súwíìsì àtijọ́ kò ní iṣẹ́ méjì mọ́ ju kó jí rílèè lórí ẹsẹ̀ 85 àti 86. Iná bín-ín-tín nìyẹn, súwíìsì náà ò sì gbóná mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé fíúùsì.

Ẹ tún wo ohun tó ń pèsè iná. Dynamo Lucas E3L tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 6 volt ni, 60 watt sì ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí gílóòbù iwájú bá gba 55, kí ló kù fún iná ẹ̀yìn àti bátìrì? Ìdí nìyẹn tí gílóòbù LED fi ń wu àwọn èèyàn, torí kì í jẹ iná púpọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ alùpùpù yẹn, rere (+) bátìrì ni wọ́n so mọ́ férémù, gílóòbù àtijọ́ ò sì bìkítà. LED tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní tàn, ó sì lè bàjẹ́. Bákan náà, bí ojú LED kò bá jókòó gẹ́lẹ́ níbi tí fílámẹ́ǹtì, okùn wáyà tó ń tàn nínú gílóòbù àtijọ́, wà, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, á sì máa wọ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ẹ yẹ òfin ọ̀nà ibi tí ẹ wà wò kí ẹ tó rà á.

Iṣẹ́ ò tíì parí o. Ẹ dá alùpùpù dúró gbọọrọ ní mítà mẹ́wàá sí ògiri, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó lé e. Ẹ fa ìlà sí ògiri ní déédéé àárín gbùngbùn iná náà. Orí ìmọ́lẹ̀ tó ń wolẹ̀ yẹ kó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Kí ẹnì kan wá gun ẹ̀yìn, kí ẹ tún wo ògiri náà: ẹ máa rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń gbérí kọjá ìlà.