Ìṣẹ́jú mélòó, irinṣẹ́ wo? Bí a ṣe ń ka àmì ara àgádágodo kẹ̀kẹ́

Kò sí àgádágodo kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé já. Bí olè bá ní irinṣẹ́ tó tọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì dí i lọ́wọ́, èyí tó le jù nínú wọn á já nígbẹ̀yìn. Ohun tí àmì ìdánwò ara àgádágodo ń wọ̀n ni iye àkókò tí irin náà lè fi gba olè lọ́wọ́, àti irú irinṣẹ́ tó lè dúró dè. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjèèjì yìí kí ẹ tó sanwó.

Oríṣi àmì méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe àgádágodo fún ọjà ara rẹ̀. Kryptonite ń kà á dé 10, Abus ń kà á dé 15. Nítorí náà, 9 lára ọ̀kan kì í ṣe 9 lára èkejì, kálukú ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí wúlò bí ẹ bá ń fi ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo wé ara wọn, ibẹ̀ ló parí sí.

Èyí tí mo fọkàn tán ni àmì àwọn tí kì í ṣe àgádágodo tà, tó jẹ́ pé jíjá a gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sold Secure ló gbajúmọ̀ jù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1992, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, Master Locksmiths Association, ló sì ni ín báyìí. Bronze ló kéré jù, lẹ́yìn rẹ̀ Silver, lẹ́yìn rẹ̀ Gold, Diamond sì wà lókè pátápátá. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ìràwọ̀ ni ART, àjọ tó ń dán àgádágodo wò níbẹ̀, ń lò, láti 1 dé 5. Ìràwọ̀ 2 ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ti alùpùpù.

Ẹ ka gbólóhùn kékeré tó wà lábẹ́ àmì Sold Secure dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìsọ̀rí tirẹ̀, alùpùpù ní tirẹ̀, ìdánwò ti alùpùpù sì le jù. Àgádágodo kan lè gba Gold níbi ti kẹ̀kẹ́ kó má rí Gold gbà níbi ti alùpùpù. Àwọn tó ń tajà kì í ya èyí sọ́tọ̀, Gold lásán ni wọ́n á kọ gàdàgbà síwájú páálí.

Ó kan irinṣẹ́ wàyí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ó máa ń nípọn lójú, ṣùgbọ́n rọ́bà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wáyà tínínrín tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ohun ìgéwáyà tó wọ àpò ṣòkòtò á sì gé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi òun nìkan ti kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó so wíìlì iwájú mọ́ àgádágodo gidi.

Lẹ́yìn èyí ni bolt cutter, irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn méjì tí olè ń gbé sínú báàgì. Sísanra irin àti líle rẹ̀ ló ń dá a dúró. Irin tí kò tó mílímítà 10 kò lè dúró de bolt cutter kékeré. Èyí tó tó mílímítà 13 á béèrè èyí tó gùn tó nǹkan bíi mítà kan, olè kò sì lè gbé ìyẹn káàkiri láìjẹ́ pé ojú rí i. Láti mílímítà 16 sókè, bolt cutter tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò ní lè gé e. Gbogbo èyí dúró lórí pé wọ́n ti fi iná mú irin náà le. Bí ẹ bá fa ayùn irin lórí irú irin bẹ́ẹ̀, eyín ayùn kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni, kò ní jẹ ẹ́.

Ẹ̀wọ̀n náà ń jìyà lọ́wọ́ bolt cutter, pàápàá bó bá balẹ̀. Olè á gbé apá kan irinṣẹ́ náà lé ilẹ̀, á wá fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ apá kejì. Bí ẹ̀wọ̀n bá wà lókè tó fún mọ́ férémù, agbára apá rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ẹ tún wo àgádágodo tó so ẹ̀wọ̀n náà pọ̀. Ẹ̀wọ̀n mílímítà 14 tí wọ́n fi àgádágodo onírin tínínrín so kò lágbára ju irin tínínrín yẹn lọ.

Àgádágodo onírin U ni mo fẹ́ràn jù fún ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ lè di wàhálà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú U tó fẹ̀, olè lè ki jáàkì ọkọ̀ tàbí ọ̀pá irin bọ àyè tó ṣófo, kó máa fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bẹ́. Nítorí náà, èyí tó kéré tó sì gba férémù, wíìlì àti òpó pẹ́kípẹ́kí ló dára. Ẹ tún yẹ ibi tí U ti wọ inú ọ̀pá ìdábùú wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló há, olè á gé e lẹ́ẹ̀kan, á yí i, ó ti kúrò nìyẹn. Bó bá há lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, irin tó gé kò ní yí, àfi kó tún gé e lẹ́ẹ̀kejì.

Àgádágodo tó ṣeé ká, níbi rífẹ́ẹ̀tì tó so àwọn irin pẹlẹbẹ rẹ̀ pọ̀ ló ti máa ń já. Ó rọrùn gbé, àmọ́ ẹ rí i pé àmì ìdánwò wà lára èyí tí ẹ bá fẹ́ rà.

Gíráíńdà oníbátìrì, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń fi abẹ róbótó tó ń yí gé irin, ló yí gbogbo nǹkan padà. Ó kéré, ó ń gé irin tí bolt cutter ò lè fọwọ́ kàn, U tó gba Gold sì lè má tó ìṣẹ́jú kan lójú rẹ̀. Kódà, Diamond ti kẹ̀kẹ́ kò túmọ̀ sí pé àgádágodo lè dúró de gíráíńdà. Bó bá jẹ́ òun lẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe nítorí rẹ̀, irú Hiplok D1000 tàbí Litelok X1. Ohun tí wọ́n fi bo irin wọn ló ń jẹ abẹ gíráíńdà náà run, tí olè á fi máa pààrọ̀ abẹ léraléra. Wọ́n wọ́n, wọ́n sì ń súnmọ́ kílò 2.

Ní ti ihò kọ́kọ́rọ́, ọ̀pọ̀ olè ìgboro kì í yà sídìí rẹ̀ torí gígé yá ju ṣíṣí lọ. Síbẹ̀ ẹ má ra èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí bíi túùbù róbótó tó jẹ́ ti àtijọ́. Ní 2004 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tú síta pé ìdí bírò oníke lásán lè ṣí i.

Láti yàn, ẹ wo iye wákàtí tí kẹ̀kẹ́ máa wà níta àti ibi tó máa wà. Bí ẹ bá kàn fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù níbi tí èrò pọ̀ sí, Silver tó. Bó bá máa wà níta láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú ìlú ńlá, Gold ni, kì í ṣe ohun tó kéré sí i. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tàbí èyí tó máa sùn síta ń fẹ́ èyí tó lè kojú gíráíńdà, tàbí méjì tí kò jọra, kó lè jẹ́ irinṣẹ́ méjì ni olè máa nílò. Ẹ̀wọ̀n tó ju kílò 3 lọ, ilé ni kó wà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́ kọnkéré. Bí ẹ bá ní ìwé adójútòfò, ẹ kà á kí ẹ tó ra ohunkóhun: ilé iṣẹ́ náà lè dárúkọ ìpele kan pàtó, bí tiyín ò bá sì dé ibẹ̀, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń tì í, kí irin U gba inú wíìlì ẹ̀yìn, férémù àti òpó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ mi òpó náà, kí ẹ wo orí rẹ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè gba òkè yọ, kí ẹ tún yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá bọ́ọ̀tì lásán ló mú un. Bí ẹ bá rí sítíkà tàbí téèpù tó yí i po, ẹ fọwọ́ kàn án. Olè máa ń gé òpó sílẹ̀, kó lẹ nǹkan bò ó, kó wá padà wá lálẹ́. Ẹ kọ ihò kọ́kọ́rọ́ sísàlẹ̀, kí òjò má wọ̀ ọ́, kó sì nira fún ẹni tó bá fẹ́ fi òòlù lù ú.

Òróró tó nípọn ń kó eruku jọ sínú ihò náà títí kọ́kọ́rọ́ á fi há. Lẹ́búlẹ́bú graphite, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, ló dára fún un. Nọ́ńbà kékeré kan sì wà lára kọ́kọ́rọ́ tuntun tàbí lórí káàdì tó bá a wá, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ òmíràn bí ti ọwọ́ yín bá sọnù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ má sì so kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́ ti àkọ́kọ́.