Ewúrẹ́ inú fọ́tò, àti ìdí tí mo fi ń sá fún eraser

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wẹ́bsáìtì, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ mí níyà fún yín, kó má baà jẹ ẹ̀yin náà níyà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lágbègbè Old Garage níbí l'Óṣogbo, ohun tí mo mọ̀ nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ò ju crop (gígé etí fọ́tò dànù) àti eraser (ohun ìparẹ́) lọ. GIMP la sì ń lò torí ọ̀fẹ́ ni, látọdún 1996 ló ti wà, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ lówó oṣù. (Àwọn tó ń fẹnu ṣáátá ẹ̀ pé kì í ṣe Photoshop, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn méjèèjì ló ń ṣe é.)

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ wá bá wa pé àwọn fẹ́ gbé ọjà àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ látorí fóònù wọn, aṣọ lórí okùn, ògiri tó ti bó lẹ́yìn ẹ̀, ewúrẹ́ kan tiẹ̀ yọjú nínú ọ̀kan. Mo jókòó, mo mú eraser, mo pa ògiri rẹ́, mo pa ewúrẹ́ rẹ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ torí iná lè lọ nígbàkigbà, bí mo ṣe ń sáré yẹn ni mò ń jẹ etí aṣọ mọ́ ọn. GIMP gan-an ò bá mi lọ́wọ́ sí i o, tẹ́ ẹ bá tẹ Save, XCF, fáìlì tiẹ̀ fúnra ẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan fọ́tò àkọ́kọ́, ló máa fi pamọ́, èmi ni mo lọ wá Overwrite, tó ń kọ tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí, lábẹ́ File, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, mo wá tún lọ pa èyí tó wà lórí WhatsApp rẹ́ kí fóònù mi lè láyè.

Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n etí aṣọ mi dà? Ibẹ̀ làwọn oníbàárà mi ń wò kí wọ́n tó gbà pé ọwọ́ la fi ṣe é." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá náà ti pa tiwọn rẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì ti ta méje nínú aṣọ yẹn.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ ọmọ ìlú aró, ṣé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni?" Ẹ̀kọ lááfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní layer mask náà nìyẹn, ìbòjú lórí layer, ìyẹn ìpele tí fọ́tò wà. Ẹ tẹ layer yẹn ní right-click, ẹ mú Add Layer Mask, ẹ yan white, ẹ wá mú brush dúdú. Ibi tẹ́ ẹ bá kùn ní dúdú máa fara pa mọ́, kò parẹ́ o, ó wà lábẹ́ ẹ̀. Tọ́wọ́ bá ṣìnà, ẹ tẹ X kí brush di funfun, ẹ kùn ún padà, etí aṣọ á jáde wá. Àwọ̀ eérú ní tiẹ̀ máa ń jẹ́ kó hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé etí aṣọ, ẹ sún un mọ́ra dé 200%, ẹ lo brush kékeré tó rọ̀, ẹ má kánjú.

XCF ni kẹ́ ẹ tọ́jú, torí inú ẹ̀ ni mask yẹn ń wà, PSD tó bá jẹ́ Photoshop. JPEG, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jáde nìkan ni, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un save ló ń pàdánù nǹkan, bí aṣọ aró táa ń fọ̀ léraléra, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣá. JPEG ò sì mọ nǹkan tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn fọ́tò ṣófo, ìdí nìyẹn tí lógò yín fi ń ní páálí funfun yíká. PNG ni kẹ́ ẹ fún lógò, SVG ló tiẹ̀ dáa jù, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣe bàìbàì.

Ìwọ̀n ńkọ́? Fọ́tò màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 4000 pixel (àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò), ó wúwo tó 5MB. Ta ló fẹ́ fi dátà ẹ̀ ṣí mẹ́rìnlá irú ẹ̀? Mo lo Scale Image, mo sọ ọ́ di 1200, mo fi quality JPEG sí 75, kò séyìí tó kọjá 300KB mọ́, gbogbo wọn pa pọ̀ ò tó ọ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀.

Mo pààrà ilé màmá lẹ́ẹ̀mejì lọ ya fọ́tò tuntun, owó ọkọ̀ látàpò mi, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yẹn. Ewúrẹ́ yẹn tún yọjú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, màmá pè mí pé ọmọ àwọn ní ewúrẹ́ yẹn dùn ún wò, ṣé n lè dá a padà sójú ewé àkọ́kọ́. Mo ṣí XCF, mo mú brush funfun, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọrí jáde.