Ọta Tó Bá Ẹnu Rẹ̀ Mu

Sátidé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Òjò ò rọ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń gbé Birmingham mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó láti gbé èèyàn jáde sẹ́yìnkùlé. Mo gbé ìbọn náà, mo kó agolo ọta mẹ́ta tí mo rà láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ki aṣọ àlòkù sínú páálí ńlá kan títí ó fi kún. Ìyá Tèmi, ìyàwó mi, yọjú lójú fèrèsé kíṣìnnì, ó wò mí, ó mirí, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́: ìbọn afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹ̀tù. Ìyá àgbà, òyìnbó tí ilé wa jọ fara kanra, ló fún mi nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù olóògbé ọkọ rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ aṣèbọn kan tó ń jẹ́ BSA ló ṣe é ní Small Heath, ibi tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbé mi dé, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Lincoln Jeffries, ará Birmingham níbí, ló gba ẹ̀tọ́ sí irú ìbọn yìí ní 1904, BSA sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà lọ́dún kejì. Àmì ilé-iṣẹ́ náà, ìbọn mẹ́ta tó fẹ̀yìn ti ara wọn, ṣì wà lára irin rẹ̀, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Àfi kéèyàn yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ dán bí ọmọrí odó tí ìran mẹ́ta ti fi gúnyán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọ̀pá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo máa ń fà wálẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè ká jọ. Lókè, ihò kékeré kan wà lára irin tó ń yí bí ẹnu ẹ̀rọ omi: mo yí i sókè, mo sọ ọta sínú rẹ̀, mo yí i padà. Tí mo bá wá fi ìka fà á, sípíríǹgì á ti písítìnì àti awọ tó wà lórí rẹ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ á gbá ọta jáde. Kò sí iná, kò sí èéfín. Agbára rẹ̀ kò tó foot-pound 12 tí òfin England gbà láìgba ìwé àṣẹ. (Ẹ má gbé e kọjá sí Scotland ṣá o. Láti ìparí ọdún 2016 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé níbẹ̀.)

Ọta gan-an ni wàhálà mi. Nọ́ńbà 2 ni wọ́n tẹ̀ sára ìbọn yìí, ohun tí wọ́n fi ń pe .22 láyé ìgbà náà, ìyẹn bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì. Lónìí, tí o bá ra ọta .22, wọ́n á kọ 5.5 mìlímítà sára agolo rẹ̀. Ṣùgbọ́n .22 ti àwọn ará Birmingham àtijọ́ sún mọ́ 5.6. Fi ọgọ́rùn-ún ọdún lé kún un, tún fi ọ̀pá irin tí ẹnì kan ti fi ń nù ún láti ẹnu kún un, wàá rí i pé ẹnu ìbọn yìí ti fẹ̀ kọjá ohun tí àwọn tó ṣe é fi lélẹ̀. Ìlà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká, tó yẹ kó mú ọta kó sì máa yí i, ti rẹlẹ̀ nítòsí ẹnu bí ìlà ojú arúgbó.

Ọkọ ìyá náà fi ààbọ̀ agolo ọta kan tó ń jẹ́ Eley Wasp sílẹ̀, 5.6 ni wọ́n kọ sí i. Àwọn yẹn wọ̀ ọ́ bí fìlà tí wọ́n wọn orí ẹni kí wọ́n tó rán. Èmi náà ń yìn ín lọ láìṣírò, bí ọmọ tí wọ́n fi ẹran ọbẹ̀ lé lọ́wọ́. Ìgbà tó ku mọ́kànlá ni ojú mi là.

Àwọn tó ti rìn ọ̀nà ibi tí wọ́n ń pè ní Gun Quarter nílùú yìí á mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n fi ra èèyàn ní etíkun wa ti wá. N kì í gba ibẹ̀ kọjá kí ara mi má bù máṣọ. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ṣakabùlà ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ìlú wa. Ẹ̀tù, àkísà, lẹ́yìn náà òjé, àfọ́kù irin, ohun tọ́wọ́ wọn bá ṣáà ti bà. Àyè tó bá kù láàárín ọta àti ọ̀pá, àkísà á dí i. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní mìlímítà mélòó. Èmi ọmọ ọmọ wọn ló wá ń da ara mi láàmú nítorí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan.

Agolo mẹ́ta náà: H&N ti Jámánì ló ṣe wọ́n, orúkọ kan náà, ìwúwo kan náà, gíráàmù 0.95. Orí ọta nìkan ló yàtọ̀, 5.50, 5.53, 5.55. Mo kọ́kọ́ fi kálípà wọ̀n wọ́n, mo sì jáwọ́ kíá. Òjé rọ̀; bí mo ṣe ń fún kálípà ni nọ́ńbà ń yí padà.

Mo wá gbé ẹnu ìbọn sókè, mo fi orí ọta sọlẹ̀ sí i. 5.50 kò tilẹ̀ dúró kí mi, ó bọ́ wọlé bí àgbàdo tó bọ́ sínú ìgò. 5.53 rọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. 5.55 jókòó sí ètè rẹ̀, àfìgbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo yìn wọ́n sínú páálí aṣọ, kí n lè rí wọn kó láìfọ́. Mo fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wò wọ́n. Orí 5.50 mọ́ tónítóní, ìlà kankan ò fọwọ́ kàn án; ìdí rẹ̀ nìkan, tó fẹ̀ bíi yẹ̀rì, ni ojú ìlà wà fírífírí. Afẹ́fẹ́ ló fẹ yẹ̀rì náà tó fi kan ògiri. Ká ní kò rọ̀ ni, afẹ́fẹ́ ì bá kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ti 5.55, ìlà mẹ́fà ni mo kà lórí àti nídìí kí n tó gbé e sílẹ̀.

Kò wá tán síbẹ̀. 5.55 àkọ́kọ́ kò jókòó dáadáa sínú ihò, mo sì yí i pa bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀." Irin ti gé etí yẹ̀rì rẹ̀ bí ẹni gé èékánná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìdí bírò tì í wọlé, ó sì dà bíi pé bírò yẹn tún ń la yẹ̀rì náà díẹ̀ sí i.

Lórí páálí pẹlẹbẹ, ní mítà mẹ́wàá, tí mo ti ko bíríkì sẹ́yìn rẹ̀: 5.50 márùn-ún fọ́n ká bí àtẹ́lẹwọ́ mi. 5.53 sàn díẹ̀. 5.55 márùn-ún, owó ẹyọ pẹ́nsì méjì bo gbogbo wọn. Mo pariwo. Ìyá Tèmi ṣí ilẹ̀kùn.

"Bàbá Tèmi, kí ló dé?"

"Ó ti wọ̀ ọ́!"

"Ẹ ṣé. Ẹ lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ òjé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan iyán mi."

Ibi tí mo ti ń ko nǹkan jọ ni ìyá àgbà ti yọ orí lókè ọgbà. Ó ní ìró yẹn ló máa ń jí òun lọ́jọ́ Sátidé, fún ogójì ọdún. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n má bínú, n ò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní rárá o, kí n tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wasp ni mo fi sí i. Ó ku mẹ́wàá.