Ó Ń Dún, Èmi Ni Mi Ò Gbọ́

Ọjọ́ òní lọ bó ṣe lọ. Ibi iṣẹ́, ọjà, ìlà epo, ilé. Iná ò sí. Ọ̀rọ̀ kan tí Màámi sọ láàárọ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀, bóyá màá lè sùn.

Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri. Òdì kejì ògiri yẹn ni wọ́n ti ń lọ ata. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Wọ́n ti tan ẹ̀rọ." Inú mi dùn débi pé abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré sún mọ́ wọn, mo pariwo: "Ẹ gbọ́ ọ, Mà?" Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n mi orí.

"Ó ń dún, èmi ni mi ò gbọ́."

Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀ ni.

Ká ní mi ò gbọ́ ohùn oòrùn lálẹ́ àná ni, bóyá ǹ bá ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo pajú dé. Ó ń kùn ni, ó ń kùn ṣáá, bíi ti ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún láì lanu. Alexander Kosovichev, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló mú un jáde látinú ohun tí sátẹ́láìtì SOHO rí lójú oòrùn fún 40 ọjọ́. Ó ní láti mú kó sáré ní ìlọ́po 42,000 kó tó di ohun tí etí lè gbà. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀. Ṣé ohùn oòrùn là ń gbọ́ nígbà náà, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mú un sáré?

Èyí tó ń dún níbẹ̀ gan-an, nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ni kó tó lọ kó tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí èèyàn kì í sì í gba ìró tí kò bá gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yàtọ̀ síyẹn, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e wá. Òfìfo ni mílíọ̀nù 150 kìlómítà tó wà láàárín wa. Mo ṣírò ó sẹ́yìn rìsíìtì epo: ká ní irú afẹ́fẹ́ tiwa yìí ló kún ojú ọ̀nà, ohùn tó bá gbéra lónìí máa rin nǹkan bí ọdún 14 kó tó dé. Ní ọdún 14 sẹ́yìn, tí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, láti yàrá ni Màámi ti máa ń gbọ́.

Mi ò fẹ́ ronú síbẹ̀.

Ta ló wá sọ fáyé pé oòrùn ń dún? Ojú ni, kì í ṣe etí. Ní 1960, ní Mount Wilson, ibi tí wọ́n ti ń fi awò wo ojú ọ̀run ní California, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Leighton, rí i pé ojú oòrùn ń wú, ó ń rọlẹ̀, apá kan tẹ̀ lé òmíràn, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ó rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di 1970 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Roger Ulrich, tó ṣàlàyé pé ìró tó há sínú oòrùn ló ń mì í bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ògì lórí iná nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, bó ṣe ń wú tó ń bẹ́, tó ń ta sí ni lọ́wọ́. Bí ojú oòrùn ṣe rí nìyẹn, àfi pé ẹyọ ìwúsókè kan fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Híhó yẹn ló ń dá ìró náà sílẹ̀. Ìró á wọnú lọ, á bá ooru tó le jù, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i títí yóò fi ṣẹ́rí padà. Tó bá tún dé ojú, kò ní rí ọ̀nà jáde, á tún padà. Ojú oòrùn á máa gbọ̀n bí awọ ìlù.

Ọwọ́ lára ògiri ni gbogbo rẹ̀.

Díẹ̀ máa ń jò jáde ṣá, sínú gáàsì tó yí oòrùn ká, níbi tí ooru ti ju mílíọ̀nù kan ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì lọ nígbà tí ojú oòrùn fúnra rẹ̀ ò ju nǹkan bí 5,500. Agbára òòfà na okùn gáàsì síbẹ̀ bí osán ara dùndún, àwọn ará Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ gbígbọ̀n wọn di orin ní 2010. Èyí tó mú mi jù kọ́ nìyẹn. Èyí tó mú mi ni pé wọ́n ń fi ìró inú oòrùn mọ̀ bí àpá dúdú bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú wa ò dé. Wọ́n mọ ohun tó wà lódì kejì.

Bíi ti Màámi.

Àmọ́ kí n má purọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mímọ̀ pé ó ń dún ò tó mi. Tí mo bá pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, kò sí ògiri tó máa...

Nírọ̀lẹ́, mo yí ohùn fóònù sókè pátápátá, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n pajú dé, ó pẹ́.

"Kí lèyí?"

Mo ní, "Oòrùn ni, Mà." Mo tún un sọ kí wọ́n lè rí ẹnu mi.

Wọ́n wo ojú ọ̀run. "Oòrùn tó ti wọ̀?"

Wọn ò dá a padà. Ó wà lọ́wọ́ wọn títí bátìrì fi kú. Inú ìwé ni mo ń kọ èyí sí, màá tẹ̀ ẹ́ síbí tí iná bá dé.