Owó ìjọba ò ra ilẹ̀, ó háyà rẹ̀ ni

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbà mí lọ́dún mẹ́ta kó tó yé mi.

Nílé, ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ìjọba ni mo bá tó ń sanwó fún onílẹ̀ pé kó má dáko. Conservation Reserve Program lorúkọ ètò náà, CRP lẹ́nu àgbẹ̀. Òfin ọdún 1985 ló dá a sílẹ̀. Onílẹ̀ á gbin koríko tàbí igi síbi tí ọ̀gbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ, ìjọba á sì máa sanwó fún un lọ́dọọdún, fún ọdún 10 sí 15.

Ìyà ló kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, eruku bo Oklahoma àti Texas títí ọ̀sán fi dòru. Wọ́n ti túlẹ̀ tí koríko bò tẹ́lẹ̀, ọ̀dá dé, atẹ́gùn gbé ilẹ̀ lọ. Oṣù yẹn ò parí tí òfin ìdáàbòbò ilẹ̀ fi jáde.

Bàbá kan mú mi dé oko rẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ lábẹ́ koríko tó ga jù mí lọ: ilẹ̀dú, ó rọ̀, gbòǹgbò wé mọ́ ọn bí òwú, ekòló ń jáde. A kọjá sínú oko àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún wa ibẹ̀. Ó ń fọ́ bí bíríkì, òjò àná sì ti la ojú àgbàrá sí i, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ sódò.

Bàbá yìí náà ni mo kó sí wàhálà. Ẹ̀gún hù sáàárín koríko rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó bi mí léèrè, mo ní kó fi katakata gé e. Mi ò ka ìwé àdéhùn tán. Ní Iowa, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún dé ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ẹyẹ ń yé, ẹyẹ ń pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé koríko CRP láìgbàṣẹ. Ìtẹ́ mẹ́ta la bá lẹ́yìn katakata, ẹyin ti fọ́ yángá. Lẹ́tà dé, wọ́n gé nínú owó ọdún yẹn. Bàbá ò bínú. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Látìgbà náà, ojú ewé tó sọ ohun tí onílẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣe ni mo kọ́kọ́ ń kà. Wọ́n lè ní kí ẹni tó bá já àdéhùn kó tó pé dá gbogbo owó tó ti gbà padà, tèlé-tèlé.

Ẹ máa wo ọjà àgbàdo pẹ̀lú. Lọ́dún 2007, ilẹ̀ inú ètò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 37 éékà. Àgbàdo wá gbówó lórí, nítorí wọ́n ń fi ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀. Lọ́dún 2012, búṣẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta àgbàdo, ju dọ́là 6 lọ. Bí àdéhùn ṣe ń parí ni wọ́n ń túlẹ̀. Nígbà tó fi di 2016, ó ti kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù 24. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣèwádìí, ẹ má ka éékà tó wọlé nìkan. Ẹ béèrè èyí tí àdéhùn rẹ̀ ń parí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ sì béèrè ẹni tó nilẹ̀. Ó ju ìdajì ilẹ̀ oko Iowa lọ tó jẹ́ pé ẹni tó ń dáko níbẹ̀ kọ́ ló ni ín. Lápá gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ẹbí tí kò níwèé ti dí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti wọ irú ètò ìjọba báyìí. Òfin ọdún 2018 ló gba oríṣi ìwé mìíràn láàyè kí wọ́n lè rí nọ́ńbà oko gbà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ ètò ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí nílé, iṣẹ́ ń dúró dè yín níbẹ̀.

Àdéhùn bàbá náà ti parí. Ọmọ rẹ̀ ti túlẹ̀ apá òkè, ó ti gbin àgbàdo sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé fún etí odò. Mo débẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan: ẹrẹ̀ wọ́ láti òkè wá, ó dé ìdí koríko, ó dúró.